Hámà Tó Máa Ń Kí Bàbá Àgbà Láàárọ̀

Ní ọjọ́ tí a sin Bàbá àgbà mi, wọ́n pín ìwé ètò ìsìnkú fún wa ní ṣọ́ọ̀ṣì. Mo kà á délẹ̀. Gbogbo ilé ìwé tí Bàbá ti kọ́ ọmọ wà níbẹ̀, láti Ìsẹ̀ dé Emùré dé Ìjàn. Oyè tó jẹ nínú ìjọ wà níbẹ̀. Orúkọ gbogbo wa wà níbẹ̀, títí dé ti ọmọ ọwọ́. Lẹ́yìn náà ni wọ́n wá kọ ọ́ pé ó sùn nínú àlàáfíà. Àlàáfíà wo? Ṣebí èmi ni mò ń bá a gbé! Mo ká ìwé náà sí méjì, mo fi ń fẹ́ ara mi.

Nítorí náà, ẹ má retí pé màá sọ ọdún tí wọ́n bí i àti ọdún tó gbéyàwó. Ẹni tó bá fẹ́ ìyẹn, ìwé ìsìnkú ṣì kù nílé. Irú ènìyàn tó jẹ́ ni mo fẹ́ sọ. Màá sì máa pè é ní "ó". Lójú rẹ̀, "ẹ̀yin" ni mo máa ń pè é, bí wọ́n ṣe kọ́ wa ní ilé ìwé, ṣùgbọ́n ọmọ Ìkẹ́rẹ́ ni mí, ẹnu wa kò fi bẹ́ẹ̀ mọ "wọ́n" sísọ fún ẹni tí a fẹ́ràn. Ẹni tó bá fẹ́ bínú, kó bínú.

Bí ẹ bá yà sí ilé wa láàárọ̀, ẹ̀yìnkùlé lẹ ó ti bá Bàbá, lórí àga onígi, tó kọjú sí òkè Olósùnta, pẹ̀lú hámà ńlá lọ́wọ́, irú èyí tí àwọn afọ́kùúta máa ń lò. Kò fi fọ́ nǹkan kan. Á di ìdí igi hámà náà mú, níbi tó jìnnà jù sí irin, á na apá rẹ̀ síwájú gbọnrangandan, orí hámà á wà lókè. Lẹ́yìn náà, díẹ̀díẹ̀, á jẹ́ kí irin náà máa bọ̀ wá sí ojú òun. Ìgbọ̀nwọ́ kò gbọdọ̀ tẹ̀, èjìká kò gbọdọ̀ mì, ọrùn ọwọ́ nìkan ló ń ṣiṣẹ́. Irin á máa sọ̀kalẹ̀ títí á fi kan imú rẹ̀ fẹ́rẹ́, á tún gbé e padà sókè. Bó bá ti ṣe ọ̀tún, á ṣe òsì. Iṣan apá rẹ̀ á sì ta bí okùn ewúrẹ́ tó fẹ́ já.

Ìkíni ló ń pè é. Bí ẹ bá kí i kó tó parí, kò ní dáhùn. Á ní kí ẹ dúró, hámà ló kọ́kọ́ ń kí òun.

Ibi tí wọ́n ti ń fọ́ òkúta ló ti kọ́ ọ, nígbà tó ṣì wà ní ilé ìwé àwọn olùkọ́, tó máa ń lọ ṣiṣẹ́ níbẹ̀ nígbà ìsinmi. Ó ní àwọn àgbà ibẹ̀ kì í jẹ́ kí ẹni tuntun fi hámà kan òkúta àfi bí hámà bá ti kí i. Wọ́n á ní kó jókòó, kó mú un ní ìdí igi, kó jẹ́ kó wá kan imú òun kó sì gbé e padà. Ẹni tí kò bá lè ṣe é, òkúta wẹ́wẹ́ ni yóò máa ṣà. Odindi ìsinmi kan ni Bàbá fi ṣa òkúta wẹ́wẹ́. Mo ní ìyà wo nìyẹn, ṣe wọ́n kàn ń fi yín ṣeré ni? Ó ní rárá o. "Hámà tí kò bá kí ọ, Àbẹ̀kẹ́, gbígbá ni yóò gbá ọ."

Ó kọ́ èmi náà. Ọrùn ọwọ́ mi kò dára rárá nígbà náà. Bí mo bá fún aṣọ, omi á ṣì máa ro tó-tó-tó lórí okùn, Màmá, ìyàwó rẹ̀, á sì máa fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ pé ọkọ tí yóò fẹ́ mi yóò máa wọ aṣọ tútù. Bàbá ní kí n mú hámà náà ní abẹ́ irin ná, níbi tó ti fúyẹ́. Bó bá ti mọ́ mi lára, kí n sún ọwọ́ sísàlẹ̀ díẹ̀. Kò jẹ́ kí n kánjú dé ìdí igi. Ohun tó sì máa ń tẹnu mọ́ jù ni ìsinmi. Bó bá ṣe é lónìí, kò ní ṣe é lọ́la, bí ẹ bẹ̀ ẹ́ bí ẹ kò bẹ̀ ẹ́. Nígbà tí mo fẹ́ fi agídí ṣe é lójoojúmọ́ kí n lè tètè lágbára, ó gba hámà lọ́wọ́ mi, ó jókòó lé e lórí. Ó ní, "Iṣan kì í dàgbà níbi uṣẹ́. Orí oorun ló ti ń dàgbà."

Mo fẹ́ kí ẹ rántí ọ̀rọ̀ yẹn, torí òun fúnra rẹ̀ gbàgbé rẹ̀.

Ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan wà, tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì bíi tirẹ̀, tí a ń pè ní Bàbá Emùré. Gbogbo ìgbà tó bá wá ni wọ́n máa ń jà. Bàbá Emùré á ní, "Ìwọ, ta lo fẹ́ bá jà ná? Ọjọ́ orí rẹ, ó yẹ kó o máa fi ọwọ́ yẹn di Bíbélì mú ni." Bàbá á ní kó gbẹ́nu dákẹ́, "ìwọ tí ìyàwó ń bá ṣí ìgò." Wọ́n á bú ara wọn títí iyán á fi dé, wọ́n á wá jẹun nínú àwo kan náà. Ṣùgbọ́n mo gbọ́ ìgbà kan tí Bàbá dá a lóhùn láìsí àwàdà. Ó ní ẹsẹ̀ lè lọ, ojú lè lọ, òun kò bínú. "Ṣùgbọ́n ọjọ́ tí ọwọ́ bá kọ̀ mí, mo ti di ẹrù ẹlòmíràn."

Ohun kejì tó yẹ kí ẹ mọ̀ nípa rẹ̀ ni ẹnu rẹ̀. Mi ò ní kó jẹ́ aláròyé. Ohun tí mò ń wí ni pé bó bá ti sọ nǹkan, ó ti sọ ọ́ nìyẹn, ayé ì báà yí padà. Nígbà tó ń kọ́ ọmọ ní Ìsẹ̀, ó sọ fún kíláàsì rẹ̀ pé bí gbogbo wọn bá yege, òun yóò fi ẹsẹ̀ rìn láti Ìsẹ̀ wá sí Ìkẹ́rẹ́. Àwọn ọmọ ẹni ẹlẹ́ni yege. Ó gbéra nínú òjò. Ọ̀gá ilé ìwé fi ọkọ̀ lé e bá lọ́nà, ó bẹ̀ ẹ́ títí pé kó wọlé, pé àwọn ọmọ kò rí i, ta ni yóò mọ̀? Ó kọ̀ jálẹ̀. Màmá ní bó ṣe dé, bàtà rẹ̀ ti lanu. Ó kàn sọ pé, "Ẹnu mi ni mo fi sọ ọ́, ẹsẹ̀ mi ló gbọ́dọ̀ ṣe é."

Bẹ́ẹ̀ náà ni ọ̀rọ̀ Èkó. Bọ̀ọ̀dá Délé, àkọ́bí Bàbá àti Màmá, ẹ̀gbọ́n ìyá mi, kọ́ ilé sí Ìkòròdú. Bàbá lọ kí wọn, ẹ̀ṣọ́ ẹnu géètì kò mọ̀ ọ́n, ó dá a dúró nínú oòrùn, ó ní kó tú àpò iṣu rẹ̀ kí òun wò ó. Bàbá tú u. Lọ́jọ́ kejì ló padà sí Ìkẹ́rẹ́, ó ní ẹsẹ̀ òun kò tún ní tẹ Èkó mọ́ títí òun yóò fi kú. Bọ̀ọ̀dá Délé wá dọ̀bálẹ̀, wọ́n lé ẹ̀ṣọ́ náà lọ, pàbó ni. Màmá, tí kì í pè é ní nǹkan mìíràn ju Tíṣà lọ, mi orí, ó ní, "Tíṣà, ẹnu yìí ni yóò pa ọ́."

Lẹ́yìn náà ni àrùn rọpárọsẹ̀ wọlé tọ̀ wá. Màmá ṣubú ní ìdí ààrò. Nígbà tí a gbé e dé láti ọsibítù, apá ọ̀tún rẹ̀ àti ẹsẹ̀ ọ̀tún rẹ̀ ti kú, ọ̀rọ̀ sì ń jáde lẹ́nu rẹ̀ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Màmá kì í ṣe obìnrin tíńrín. Èmi àti ìyá mi gbé e lọ́jọ́ àkọ́kọ́, díẹ̀ ló kù kí a dà á sílẹ̀. Bàbá tì wá sẹ́yìn. Ó ki apá sí abíyá Màmá méjèèjì, ó fi ọ̀já gbá a mọ́ àyà ara rẹ̀, ó tẹ orúnkún, ó sì dìde pẹ̀lú rẹ̀. Wọ́n dúró báyìí, ojú kojú. Ó ní, "Ìyá Délé, jẹ́ ká jó." Màmá fi ẹnu òsì rẹ́rìn-ín.

Láti ọjọ́ yẹn, òun nìkan ló ń gbé e. Ó ń wẹ̀ ẹ́, ó ń yí i padà lórí ibùsùn kí ara rẹ̀ má baà bó, ó ń gbé e jókòó sẹ́nu ọ̀nà kó lè máa wo àwọn tó ń kọjá. Gbogbo ìgbà tó bá fẹ́ gbé e, á ní "jẹ́ ká jó". Mo ti rí ìfẹ́ lórí tẹlifíṣọ̀n o. Irọ́ ni wọ́n ń pa níbẹ̀.

Ṣùgbọ́n àwọn ọmọ kò fara balẹ̀. Bọ̀ọ̀dá Délé pe ìpàdé ẹbí nínú pálọ̀ wa. Wọ́n ti ṣètò gbogbo rẹ̀: yàrá ti wà nísàlẹ̀ ilé wọn, àwọn obìnrin tó gbọ́ iṣẹ́ ìtọ́jú aláìsàn yóò máa wá, dókítà kò jìnnà. Ọ̀rọ̀ gidi ni wọ́n sọ, mi ò ní parọ́ mọ́ wọn. Wọ́n ní, "Bàbá, ọwọ́ ẹ̀yin náà ti gbó. Bí ẹ bá gbé e ṣubú lọ́jọ́ kan ńkọ́? Ẹ jẹ́ ká jọ máa lọ."

Bàbá ní òun ti sọ̀rọ̀ Èkó tán. Ó ní, "Ulé mi rèé. Inú rẹ̀ ni ìyá yín yóò wà."

Ó dìde, ó bọ́ sẹ́yìnkùlé, ó sì gbé hámà wọlé. Ó jókòó sí àárín pálọ̀, ó di ìdí igi mú, irin sọ̀kalẹ̀, ó kan imú rẹ̀, ó padà sókè. Ó ṣe ọ̀tún, ó ṣe òsì. Kò mí èémí kan ju bó ṣe yẹ lọ. Ó wá na hámà sí Bọ̀ọ̀dá Délé, ó ní kí àwọn náà gbé e, àwọn tí ọwọ́ wọn kò tíì gbó. Bọ̀ọ̀dá Délé gbé e. Kò tíì dé agbedeméjì tí ọrùn ọwọ́ wọn fi yẹ̀, irin já lé imú wọn, gíláàsì ojú wọn fọ́. Gbogbo wa rẹ́rìn-ín, àwọn náà rẹ́rìn-ín. Ìyẹn ni ìgbà ìkẹyìn tí a jọ rẹ́rìn-ín nínú pálọ̀ yẹn.

Inú Bàbá dùn jù, ẹnu rẹ̀ sì gbé e. Ó ní, "Ọjọ́ tí hámà yìí kò bá lè kí mi mọ́, ẹ wá mú ìyá yín máa lọ. Mo sọ ọ́." Mo wo Màmá lórí àga rẹ̀. Ó ti di ojú. Ó ń gbìyànjú láti sọ nǹkan, ó sì pẹ́ kó tó jáde: "Tíṣà... ẹnu."

Láti ìgbà náà, bí Bọ̀ọ̀dá Délé bá wá sílé, Bàbá fúnra rẹ̀ ni yóò gbé hámà jáde kí wọ́n tó mu omi. Kò sí ẹni tó ní kó gbé e o. Bó bá ti ṣe é tán, ara gbogbo wa á balẹ̀, Màmá á sì jẹun. Ṣùgbọ́n ẹ̀rù ti wọ inú rẹ̀. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ́ hámà lójoojúmọ́. Nígbà tó yá, ó di àárọ̀ àti ìrọ̀lẹ́, títí kan ọjọ́ Ìsinmi tí kò fi ọwọ́ kàn án rí láyé rẹ̀. Ọrùn ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ wú. Ó ń fi òrí ra á, ó ń fi aṣọ dì í, ó ń fi apá àwọ̀tẹ́lẹ̀ gígùn bò ó. Ife ògì rẹ̀ ti di ọwọ́ òsì. Bàbá Emùré wá, kò bú u lọ́jọ́ náà, ó kàn di ọwọ́ wíwú yẹn mú, ó ní, "Ọ̀rẹ́ mi, jọ̀ọ́, sinmi." Èmi náà sọ ọ́. Mo ní, "Bàbá, ẹ̀yin lẹ kọ́ mi pé iṣan gbọ́dọ̀ sùn." Ó ní òun mọ̀. Ó ní, "Bí mo bá sinmi lónìí tí Délé sì dé lọ́la ńkọ́?"

Ohun tó ń bí mi nínú jù nìyí, ó sì ń bí mi nínú títí di bí mo ṣe ń kọ ọ́ yìí: hámà kò kan gbígbé Màmá rárá! Àyà, ẹ̀yìn àti itan ló fi ń gbé e, ọ̀já ló sì ń bá a dì í mú. Ní gbogbo ìgbà tí ọwọ́ rẹ̀ fi wú, kò sí àárọ̀ kan tí kò gbé e. Mo sọ èyí náà fún un. Mo ní ohun tó yẹ kó fi dán ara rẹ̀ wò ni Màmá, kì í ṣe irin. Ó ní, "Mo mọ̀, Àbẹ̀kẹ́. Ṣùgbọ́n hámà ni mo dárúkọ."

Ọdún Àjíǹde ni Bọ̀ọ̀dá Délé dé. Láàárọ̀ ọjọ́ náà, Bàbá ti wẹ Màmá, ó ti ya irun rẹ̀, ó ti gbé e jókòó sí pálọ̀ nínú aṣọ funfun. Ìyá mi wà níbẹ̀, èmi náà wà níbẹ̀. Bàbá gbé hámà jáde. Òsì ló kọ́kọ́ ṣe, ó dára. Ó wá mú ọ̀tún. Irin sọ̀kalẹ̀ dé agbedeméjì, apá rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n, ó tiraka láti dá a dúró, ọrùn ọwọ́ rẹ̀ sì yẹ̀. Irin já lé e lẹ́nu. Ètè rẹ̀ là, ẹ̀jẹ̀ ṣàn sí agbádá ọdún rẹ̀.

Bọ̀ọ̀dá Délé ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀, omi sì ti wà lójú wọn. Wọ́n ní, "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi sílẹ̀. A ò mú Màmá lọ síbì kankan."

Bàbá nu ẹnu rẹ̀. "Délé, ìgbà wo lo rí mi tí mo sọ̀rọ̀ tí mo kó o jẹ? Ẹ di ẹrù rẹ̀."

Ìyá mi kúnlẹ̀. Èmi ò kúnlẹ̀ o, ariwo ni mo pa. Mo ní, "Ọ̀rọ̀ lásán ni! Ta ló ń bi yín? Ta ló ń bi yín léèrè?" Bàbá wọ yàrá, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í ká aṣọ Màmá fúnra rẹ̀.

Nígbà tí ẹrù délẹ̀, Bọ̀ọ̀dá Délé fẹ́ lọ pe àwọn ọkùnrin àdúgbò kí wọ́n wá bá wa gbé Màmá dé inú ọkọ̀. Bàbá ní kò sẹ́ni tí yóò fọwọ́ kàn án. Ó ki apá sí abíyá rẹ̀. Ó ní, "Ìyá Délé, jẹ́ ká jó." Màmá kò rẹ́rìn-ín. Bàbá gbé e kúrò lórí àga, ó gbé e la pálọ̀ kọjá, ó gbé e sọ̀kalẹ̀ lórí àtẹ̀gùn, kò sinmi, kò kọsẹ̀, ó sì gbé e sínú ọkọ̀. Ó tún aṣọ rẹ̀ ṣe, ó fi ìrọ̀rí sí i lẹ́yìn. Bọ̀ọ̀dá Délé dúró tì wọ́n, kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀ lọ́wọ́. Ojú gbogbo wa ló rí i pé ọwọ́ tí kò lágbára mọ́ ló gbé e. Màmá fi ọwọ́ òsì di ọrùn agbádá Bàbá mú, kò jù ú sílẹ̀. Bàbá tú ìka rẹ̀ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ó ní, "Wọn yóò tọ́jú rẹ dáadáa."

Kò fọwọ́ kan hámà mọ́. Bí mo bá gbé oúnjẹ síwájú rẹ̀, á ní òun yóò jẹ ẹ́ tó bá yá, títí yóò fi tutù. Bọ̀ọ̀dá Délé máa ń fi fóònù pè kí wọ́n lè rí ojú ara wọn. Mo gbé fóònù sí i lójú lẹ́ẹ̀kan, Màmá wà níbẹ̀, ó ń pe Tíṣà, Tíṣà. Bàbá yí ojú sí ògiri. Lẹ́yìn tí mo pa á, mo bá a jà, mo ní kí ló dé tí kò wò ó. Ó ní, "Bí mo bá wò ó, ṣé màá lè gbé e?" Mo ní kí a kúkú wọ ọkọ̀ lọ sí Èkó. Ó ní mo mọ ohun tí òun ti sọ.

Kí òjò àkọ́rọ̀ tó dá, ó kú lórí àga onígi rẹ̀, láàárọ̀, ògì rẹ̀ níwájú rẹ̀. Ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ ṣì wú. Àwọn kan wá kí wa, wọ́n ní ó kú ikú àgbà, pé kí a dúpẹ́. Mo ṣe àmín fún wọn. Mi ò rí ohun tí mo fẹ́ dúpẹ́ lé lórí, mi ò sì rí ẹ̀kọ́ kankan kọ́ níbẹ̀. Bó bá sinmi ni, bó bá kó ọ̀rọ̀ rẹ̀ jẹ lẹ́ẹ̀kan péré láyé rẹ̀ ni, wọn ì bá jọ wà nílé.

A sin ín. Màmá kò mọ̀. A kì í túfọ̀ fún aláìsàn nílẹ̀ wa. Dókítà náà sì ní irú ìròyìn bẹ́ẹ̀ lè gbé e lọ. Nítorí náà, ìyàwó rẹ̀ kò sí níbi ìsìnkú rẹ̀, bẹ́ẹ̀ orúkọ rẹ̀ ló ṣáájú nínú ìwé tí wọ́n pín.

Lẹ́yìn ìsìnkú, mo lọ kí i ní Ìkòròdú. Mo bọ́ aṣọ ọ̀fọ̀ mi ní ibùdókọ̀ kí n tó wọlé. Wọ́n ń tọ́jú rẹ̀ lóòótọ́, yàrá rẹ̀ mọ́ tónítóní, ó ń rùn fún ọṣẹ. Ó ti rù. Mo jókòó sẹ́bàá ibùsùn, mo di ọwọ́ òsì rẹ̀ mú. Ó wo ẹnu ọ̀nà lẹ́yìn mi, bóyá ẹnì kan ń bọ̀.

Ó ní, "Tíṣà ńkọ́?"

Mo ní, "Ó wà, Màmá. Ó ní kí n kí yín. Ara rẹ̀ kò yá díẹ̀ ni."

Ó ń kó ọ̀rọ̀ jọ, ètè òsì rẹ̀ ń ṣiṣẹ́, mo sì dúró dè é.

"Sọ fún un," ó ní, "pé mo ti fọn. Mi ò wúwo mọ́. Kó wá gbé mi lọ sí ulé."

Mo ní màá sọ fún un.